Ààrò tí Ìyá Àgbà Fi Búlọ́ọ̀kù Sàréè Mọ

Lọ́jọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, àlùfáà gun orí pẹpẹ ìwàásù, ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, onísùúrù, ẹni tí kì í kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́nu. Àwa ọmọ-ọmọ tí a jókòó níwájú wojú ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fa gèlè bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa á, torí ẹ̀rín ló ń pa èmi náà, bí omijé tilẹ̀ ń dà lójú àwa méjèèjì. Àlùfáà yẹn kò tíì pẹ́ ní ìlú, kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà tí èmi mọ̀ kò ní sùúrù fún nǹkan kan, àfi ìyẹ̀fun tó ń wú. Ní ti pé kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ènìyàn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n ti kọ ìyẹn sínú ìwé ètò ìsìnkú: ibi tí wọ́n bí i sí, ìgbà tó ṣèrìbọmi, àwọn ọmọ tó bí àti ibi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kò sí búrẹ́dì níbẹ̀, kò sí ààrò, kò sí ìjà kankan. Mo kà á tán, mo bi ara mi pé ta ni wọ́n ń sọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè é láti Ọjà Ọba títí dé àdúgbò Adébáyọ̀. Ọmọ Ìgbẹ́mọ ni, ọkọ ló gbé e wá sí Adó-Èkìtì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ìlú náà láìgbà pé ohunkóhun níbẹ̀ dára tó ti Ìgbẹ́mọ. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ló dùn. Omi Ìgbẹ́mọ ló mọ́. Amọ̀ Ìgbẹ́mọ nìkan ni kì í sán tí a bá fi mọ ààrò. Nígbà ayé Bàbá Àgbà, tó bá fẹ́ tọ́ ọ níjà, á bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ ọkọ ní Ìgbẹ́mọ náà. Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà. Á ní, "Wọ́n wá. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ti Adó ná."

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Adó, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo wọ̀ sí. Délé, bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, ti bá iṣẹ́ ìjọba lọ sí Àkúrẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Bàbá Àgbà ti kú tipẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni a sin ín sí. Nítorí náà, èmi àti Ìyá Àgbà nìkan ló ń gbé inú ilé ńlá náà, a sì ń bá ara wa jà dáadáa. Tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, á ní kí n bọ́ bàtà kí n wá po ìyẹ̀fun. Tí mo bá ní ó rẹ̀ mí, á bi mí pé ṣé àwọn ọmọ ni mo gbé lórí ni àbí mo kàn kọ́ wọn.

Kò ní aago. Orin ìsìn ló fi ń mọ ìgbà tí búrẹ́dì jinná. Tó bá ti ti búrẹ́dì wọ inú ààrò, á bẹ̀rẹ̀ orin, á kọ ọ́ láti orí dé ìdí, tó bá sì ti dé ẹsẹ ìkẹyìn, yóò ṣí ẹnu ààrò. Bí iná bá mú jù, á fo ẹsẹ kan. Èmi tí mo jẹ́ akọrin kò lè gbà á mọ́ra, mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kò dára kéèyàn máa gé orin Ọlọ́run kúrú. Ó ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́ lọ ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run mọ orin náà tán, Àbẹ̀kẹ́. Búrẹ́dì ni kò mọ̀ ọ́n."

Ìdí nìyí tí òun àti ọ̀gá akọrin wa kò fi rẹ́. Ọkùnrin náà fẹ́ràn kí ó máa fa orin gùn. Ìyá Àgbà dúró dè é lẹ́yìn ìsìn, ó ní tí òun bá kọ orin báyẹn nídìí ààrò, èédú ni òun yóò kó jáde. Ó bá aládùúgbò wa jà lórí èéfín àti aṣọ tí wọ́n sá. Ó bá ẹnìkan tó ti Èkó dé jà, ẹni tó gbé búrẹ́dì ilé iṣẹ́ ńlá wá bá a lálejò, èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó bó ṣe ń wú padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dára, kí wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí.

Ẹmu ló fi ń mú ìyẹ̀fun rẹ̀ wú. Yíìsì inú agolo ti wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ó ní òórùn oògùn ló ń rùn. Àràárọ̀ ni adẹ́mu ń gbé akèrègbè wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, òun tó jẹ́ ìyá ìjọ, ojú ti mọ́ ọn ládùúgbò. Kátẹkíìsì tuntun kan ní ìjọ wa wá pàdé akèrègbè yìí lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ yíká, ó ń sọ nípa àpẹẹrẹ rere, ó ń sọ nípa àwọn ọ̀dọ́. Ìyá Àgbà jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó gé búrẹ́dì fún un, ó sì dúró títí ó fi jẹ ẹ́ tán tó tún gba òmíràn. Ìgbà náà ló tó sọ fún un pé, "Búrẹ́dì ló ń mu ún, ọmọ mi. Èmi kì í fẹnu kàn án."

Ọ̀nà tí ó ń gbà kọ̀ fún ènìyàn yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Kò ní jiyàn, kò ní bínú. "O ṣeun" ni yóò sọ. Tó bá gba ohun tí o sọ, "O ṣeun" yẹn á ní àdúrà nídìí: Ọlọ́run á dá ẹ sí, o ò ní rí ogun ọmọ. Ṣùgbọ́n tí "O ṣeun" bá jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìhòòhò, tí kò fi àdúrà bò ó, kí o yáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ti wọgbó. Èmi mọ èyí. Bàbá mi tó mu ọmú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló kú, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, lórí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí mo jáde láti lọ ké sí àwọn aládùúgbò, mo rí ìyẹ̀fun tó pò sílẹ̀, ó ti wú dé etí ọpọ́n. Mi ò lè dà á nù. Nígbà tí àwọn obìnrin ń wẹ̀ ẹ́ nínú ilé, mo dáná ààrò, mo ti búrẹ́dì náà wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹkún kò jẹ́ kí n mọ ẹsẹ tí mo wà. Búrẹ́dì náà jóná díẹ̀ nísàlẹ̀, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ààrò tí mo dáná sí yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ààrò tó ń lò tẹ́lẹ̀ wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹnu rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sun búrẹ́dì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ara rẹ̀ sí méjì, kó sì na ojú sí iná. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà ṣe ń ṣe é láti ìgbà tó wà ní ìyàwó. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tètè bá a dìde mọ́. Á fọwọ́ ti ògiri ilé ìdáná, á dúró bẹ́ẹ̀, á máa mí. Mo máa ń fi òrí pa á lẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́, n ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń pa eyín pọ̀. Kò ráhùn fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi rí i nígbà tó wá kí wa, ó sì bà á nínú jẹ́. Ọmọ rere ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n ọmọ rere tó tún jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ṣàánú ènìyàn láìṣe ètò. Ó ní ìsìn ìrántí Bàbá Àgbà ń bọ̀. Pèpéle sìmẹ́ǹtì kan tó tẹ́jú mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi bo sàréè rẹ̀ nígbà tó kú, àwọn ènìyàn sì ń jókòó lé e, wọ́n ń sá àgbàdo sí i. Òun yóò kó búlọ́ọ̀kù wá kí wọ́n fi gbé e sókè bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Àgbà yóò di ẹrù rẹ̀, yóò máa bá òun lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ sinmi, a ó sì ti ilé Adó pa. Gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́, Ìyá Àgbà ń yọ ìyẹ̀fun lábẹ́ èékánná.

"O ṣeun," ló wí.

Inú bàbá mi dùn, ó wa ọkọ̀ lọ. Mo wo ojú Ìyá Àgbà, mo rí ohun tí n kò rí níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà á. Ó jókòó sórí pèpéle ọkọ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni pa orí ọmọ. Ó bi mí pé kí ni òun á máa jí ṣe ní Àkúrẹ́. Mo ní kò ní ṣe nǹkan kan, a óò máa tọ́jú rẹ̀ ni. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akóyanrìn fi já búlọ́ọ̀kù, iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ láti Adébáyọ̀. Bíríkìlà tí bàbá mi rán wá ń jẹ́ Fọlọ́runṣọ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ó bọ́ bàtà, ó gbàdúrà, ó kan èèkàn yí pèpéle sàréè ká, ó sì ta okùn mọ́ ọn. Ìyá Àgbà jáde láti ilé ìdáná. Ó fa àwọn èèkàn náà tu, ó gbé wọn kọjá sí òdì kejì ẹ̀yìnkùlé, ó tún wọn kàn síbẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ rò pé ojú ló ń ṣe ìyá náà. Ó rọra nawọ́ sí pèpéle, ó ní, "Ìyá, sàréè nọ̀ọ̀nì o."

Ìyá Àgbà ní, "Mo mọ ubi tí ọkọ mi sùn sí. Ààrò ni mo fẹ́. Ubí ni kí o mọ ọ́n sí."

Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Kí ni òun yóò sọ fún ẹni tó rán òun níṣẹ́? Ìyá Àgbà ní kí ó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ rán an níṣẹ́ mìíràn. Ọkùnrin náà wò mí, mo wo òkè. Ó tún gbàdúrà, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì gbé ṣọ́bìrì.

Kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì rárá, Ìyá Àgbà ní kí a to búlọ́ọ̀kù léra ní gbígbẹ, ó wá lọ dúró tì í. Ó tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ sí ìbàdí ara rẹ̀. Ibi ọwọ́ yẹn ni ó fẹ́ kí ilẹ̀ ààrò dé. Búlọ́ọ̀kù fi díẹ̀ ga jù ú. Fọlọ́runṣọ́ ní kí òun gé ti òkè tín-ínrín. Ìyá Àgbà kọ̀, ó ní èyí tí a gé kò ní lágbára lábẹ́ iná. Ó ní, "Gbẹ́ ulẹ̀ sí i. Jẹ́ kí ulẹ̀ gbé díẹ̀ mì." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Fọlọ́runṣọ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn, ó gún òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó to búlọ́ọ̀kù yípo. A rọ ilẹ̀ pupa àti òkúta sínú rẹ̀, a gún un títí tí kò fi rì mọ́. Lórí rẹ̀ ni a da iyanrìn sí, pẹ̀lú iyọ̀ àti àfọ́kù ìgò tí mo tọrọ kiri àdúgbò, kí ooru má baà sá wọ ilẹ̀ lọ.

Kò yẹ kí sìmẹ́ǹtì gbẹ kíákíá. A ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a fi àpò tútù bò ó, a sì to imọ̀ ọ̀pẹ tútù lé e kí oòrùn má baà pa á.

Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí Bàbá Òkè dé. Àbúrò Bàbá Àgbà ni, òun sì ni olórí ẹbí wa. Òun àti alàgbà ìjọ kan ló jọ wá wo iṣẹ́ sàréè tí wọ́n gbọ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n rí i: búlọ́ọ̀kù tuntun, ó gùn, ó ga, imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Àwọn méjèèjì ṣí fìlà. Bàbá Òkè tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó sùn re. Ó ní ilé wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní òun ti máa ń rò pé ìyàwó yìí kò mọyì rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti rí i lónìí pé aya gidi ni. Alàgbà ṣe àdúrà ìparí. Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn wọn, ìyẹ̀fun dé e ní ìgúnpá, ó di ọwọ́ mi mú kí n má sọ̀rọ̀. Ó ṣe àmín kíkankíkan.

Bàbá Òkè nu ojú, ó wá ibi jókòó. Orí pèpéle ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló jókòó sí, bó ti máa ń ṣe. Ó ní sàréè náà dára, àfi pé ó ga díẹ̀ jù, àti pé ìhà wo ni orí wà?

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, orí wà lábẹ́ yín níbẹ̀ yẹn. Ààrò búrẹ́dì mi lẹ gbàdúrà sí. Ẹ ṣeun, á mú iná dáadáa."

Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó yára dìde bẹ́ẹ̀ rí. Alàgbà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n Bàbá Òkè kò rẹ́rìn-ín. Ó bínú jáde, ó sì ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Àkúrẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti fi sàréè bàbá rẹ̀ dáná. Èsì padà dé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan mọ́ títí òun yóò fi wá fún ìsìn ìrántí. Òun fúnra òun yóò rí sí i.

Ìyá Àgbà gbọ́ èsì náà, ó ní "O ṣeun" fún ẹni tó mú un wá, ó sì lọ kó amọ̀ ní Ìgbẹ́mọ. Òun àti Fọlọ́runṣọ́ mọ orí ààrò, wọ́n fi iná kékeré yan án gbẹ díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù, ó ní kí wọ́n fi rẹ́ pèpéle Bàbá Àgbà kó dán, òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹfun kùn ún. Bó ṣe ń ṣe gbogbo èyí, ó ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé Délé á wó o. Mo ní n kò mọ̀, òótọ́ sì ni, torí bàbá mi kì í yí ètò rẹ̀ padà.

Ọ̀sán tó ṣáájú ìsìn ni ó dé. Bàbá Òkè ti ń dúró dè é nínú pálọ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gbọ́ ẹjọ́ náà lórí ìdúró, ó sì kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Mo tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí láti sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà wà nídìí ààrò, ó ń ti búrẹ́dì ìsìn ìrántí wọlé. Ó di pátákó ọlọ́wọ́ gígùn rẹ̀ mú, ó nà án wọ inú iná, ó fà á jáde, ó tún nà án, ó sì dúró ṣánṣán. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Orí rẹ̀ wà lókè. Ó ń kọrin.

Bàbá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ́. Láti kékeré ló ti mọ ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, orí nílẹ̀, ìdí lókè. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé.

"Màámi, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ga tó?"

Ìyá Àgbà kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Mo ga ju báyìí lọ nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ mi." Ó ti èyí tó kù wọlé, ó ti ẹnu ààrò, ó wá yíjú sí i. "Bàbá rẹ ti sinmi, Délé. Kò bẹ̀ mí pé kí n gbé òun sókè. Èmi tí n kò tíì sinmi ni ẹ̀yìn ń dùn. Jẹ́ kí n ṣe uṣẹ́ mi."

Bàbá mi lọ jókòó sórí pèpéle bàbá rẹ̀ tó funfun báláú, ó sì wà níbẹ̀ títí orin fi parí.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹni tó wá síbi ìrántí ló jẹ búrẹ́dì náà. Bàbá Òkè ní òun kò ní jẹ, ó jẹ, ó sì tún ní kí wọ́n di díẹ̀ fún òun. Nígbà tí ilé tú, mo wọ yàrá Ìyá Àgbà láti wò ó bóyá ó ti di ẹrù. Kò sí ohun kan lórí ilẹ̀. Bàbá mi náà yọjú wò, ó rí i, ó sì fa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

A sìn ín jáde sí ìdí ọkọ̀. Ó ti tẹ́ tìmùtìmù tuntun kan sórí ìjókòó iwájú, ó sì fi ìrọ̀rí kékeré ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọ̀nà Àkúrẹ́ má baà gbo ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó. Ó fọwọ́ kan ìrọ̀rí náà, omi lé ròrò sí i lójú, ó sì gbàdúrà fún un, ó gùn, ó dárúkọ gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ló gbé agbọ̀n búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé e lé orí tìmùtìmù, ó fi aṣọ bò ó dáadáa, ó sì pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé.

"Máa rọra wa ọkọ̀," ló wí. "Wọ́n ṣì gbóná."